Kí Ẹ Tó Sanwó Adójútòfò Ìlera fún Ará Ilé Yín

  Kí ẹ̀yin ọmọdé fi bébà àti pẹ́ńsù sí ìtòsí, nítorí a óò ṣe ìṣirò díẹ̀ bó bá yá.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo mú fọ́tò ìyá mi méjì lọ sí ọ́fíìsì kan láti lọ fi orúkọ wọn kún káàdì ìlera mi. Ẹni ọdún 78 ni wọ́n nígbà náà, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ọmọbìnrin tó jókòó nídìí tábìlì gba fọ́tò náà, ó wò ó, ó gbójú sókè wò mí, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Màmá kì í ṣe ara ẹbí yín."

Mo kọ́kọ́ rò pé etí mi ni kò gbọ́ dáadáa. Mo ní, "Ìyá tó bí mi lọ́mọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin mọ̀ pé ìyá yín ni, èmi náà mọ̀. Ìwé ni kò mọ̀."

Inú bí mi délé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara mi balẹ̀, mo wá ìwé ètò náà jáde láti inú àpótí, ìwé tó ti wà lọ́wọ́ mi tipẹ́tipẹ́ tí n kò kà rí, mo sì rí i pé òdodo ni ọmọ náà sọ. Nínú ètò tí ìjọba àpapọ̀ ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́, ohun tí wọ́n ń pè ní ẹbí ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀ kan ṣoṣo, àti ọmọ bíbí inú wọn mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Ó parí. Ìyàwó kejì kò sí níbẹ̀. Ọmọ karùn-ún kò sí níbẹ̀. Ọmọ àbúrò yín tí ẹ gbà tọ́ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó wọ yunifásítì tó sì ti pé ọdún 18 ti jáde kúrò níbẹ̀. Àwọn bàbá àti ìyá wa, tó jẹ́ pé àwọn gan-an ni àìsàn ń bá fínra jù nínú ilé, wọn kò sí níbẹ̀ àfi bí ẹnì kan bá sanwó tiwọn lọ́tọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lálẹ́ yìí lórí bí ènìyàn ṣe ń yan ètò ìlera tí agbára rẹ̀ ká fún ará ilé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé iye tí wọ́n ń gbà nìkan la máa ń béèrè. A ó ní, "Èló ni?" Bí wọ́n bá sọ iye tó kéré, a ó ní ó dára, a ó sanwó, a ó fi káàdì sínú pọ́ọ̀sì. Ètò tó pọ́ọ́kú kì í ṣe èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. Èyí tó bá mọ àwọn ènìyàn tó wà nínú ilé yín gan-an, tó mọ àìsàn tó ń ṣe wọ́n, tó sì ní ọsibítù tí ẹ lè sáré dé ní òru, òun ló pọ́ọ́kú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ètò náà ti rí fún ẹni tí kò mọ̀. Adójútòfò ni ọ̀pọ̀ ń pè é, àwọn mìíràn ń pè é ní mádàámidófò. Orúkọ kejì yìí ló wù mí jù, nítorí ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń bẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má jẹ́ kí òun nìkan ru òfò. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. A ti ń dá èèsú láti ayébáyé. Kódà àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé erékùṣù Trinidad, wọ́n sì ń pè é ní susu níbẹ̀ títí di òní.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bínú sí ètò yìí. Bí ẹ bá dá èèsú, owó yín yóò padà bọ̀ sọ́wọ́ yín bí ó bá kàn yín. Bí ẹ bá san owó adójútòfò, tí ọdún yí po tí ẹnikẹ́ni kò ṣàìsàn nínú ilé yín, owó náà ti lọ. Ó ti lọ bá ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ẹ jẹ́ ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé ilé 100 ní àdúgbò kan dá ₦40,000 kọ̀ọ̀kan: mílíọ̀nù 4 náírà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ jù nínú ilé wọ̀nyẹn lè máà rí ju ibà àti ikọ́ lọ lọ́dún náà. Ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ọ̀ràn ńlá yóò wọ̀, bóyá ìyá tí wọ́n ní láti ṣiṣẹ́ abẹ fún kó tó bímọ, bóyá ọmọ tí ọkọ̀ gbá. Owó gbogbo àdúgbò ni yóò gbà wọ́n. Kò sì sí ẹni tó mọ ilé tí yóò jẹ́ nígbà tí wọ́n ń dá owó náà. Bí a bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá wọn dá a.

Ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa sọ fún mi pé ẹni tó bá ń san owó àìsàn sílẹ̀, àìsàn ló ń ránṣẹ́ pè. Mo bi wọ́n pé, "Ìyá, ṣé ẹ ní agbòjò?" Wọ́n ní àwọn ní. Mo ní, "Ọjọ́ tí ẹ rà á, ṣé ẹ̀yin lẹ pe òjò?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò rò pé wọ́n gbà fún mi.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Ní ọdún 1962, nígbà tí Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí jẹ́ mínísítà ètò ìlera ìjọba àpapọ̀, wọ́n ti gbìyànjú láti gbé irú rẹ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò bọ́ sí i. Ọdún 1999 ni ìjọba fi òfin dá ètò náà sílẹ̀, ọdún 2005 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló sì kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tó ní dandan ni kí gbogbo ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà wà nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Dandan ni lórí ìwé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àpò ara wa ni ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wa ṣì ń tọwọ́ bọ̀ kí dókítà tó yọjú sí wa.

Nísinsìnyí, níbo ni kí káfíńtà, ìyá aláta, awakọ̀ àti tíṣà gbà wọlé? Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba tàbí ní ilé-iṣẹ́ tó ń san án, ẹ ti wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ ka ìwé rẹ̀. Ẹni tó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe, ètò ti ìpínlẹ̀ rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wò. Èkó ní tirẹ̀, wọ́n ń pè é ní Ìlera Èkó. Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó, Èkìtì àti Kwara náà ní tiwọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni tí wọ́n ń pè ní HMO náà ń ta oríṣiríṣi, láti orí èyí tó rọjú dé orí èyí tó jẹ́ ti olówó.

Ọ̀nà kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ fetí sí i. Òfin ìlera ti ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó tó ń wọlé fún un sílẹ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Apá kan nínú owó náà ń lọ fún àwọn tí kò ní, pàápàá aboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, àgbàlagbà, àti àwọn tó ní àléébù ara, kí wọ́n lè gba ìtọ́jú ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù wọn láìsan kọ́bọ̀. Kì í kárí gbogbo ènìyàn, orúkọ a sì máa tètè kún. Síbẹ̀, kí ẹni tí kò ní má ṣe torí pé kò ní jókòó sílé. Kí ó lọ sí ilé ìlera náà, kí ó bi wọ́n bóyá wọ́n ń kọ orúkọ. Mo mọ opó kan tó jẹ́ pé bí ó ti ń lọ gún ọmọ rẹ̀ lábẹ́rẹ́ ni ó gbọ́.

Ó yá, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú pẹ́ńsù. Nígbà tí wọ́n ṣí ètò Ìlera Èkó ní ìparí ọdún 2018, ₦8,500 ni ẹnì kan ń san fún ọdún kan, ₦40,000 sì ni ti ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà, èyí ni bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin. Ẹ má ṣe gbé iye yìí lọ sí ọ́fíìsì wọn lọ́la o, ti ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni mo ń sọ. Ìṣirò rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́. Ẹni mẹ́fà lọ́nà ₦8,500 jẹ́ ₦51,000. Bí wọ́n bá wá gẹ́gẹ́ bí ìdílé, wọ́n jèrè ₦11,000. Ó dára. Ẹni márùn-ún ńkọ́? ₦42,500. Ìdílé ṣì sàn. Ṣùgbọ́n tọkọtaya tó bí ọmọ méjì péré, ẹni mẹ́rin ni wọ́n, ẹ ṣe é wò: ₦34,000. Bí wọ́n bá san ti ìdílé, wọ́n ti fi ₦6,000 ṣòfò, nítorí pé orúkọ náà, ìdílé, dùn létí.

Ibikíbi tí ẹ bá lọ, ẹ fi iye orí yín pín owó tí wọ́n bá dá lé yín. Kí ẹ sì fi 12 pín in, nítorí ẹni tí ₦40,000 lẹ́ẹ̀kan náà ń dẹ́rù bà lè máà bẹ̀rù nǹkan bí ₦3,333 lóṣù. Ìyá kan tó ń ta gààrí sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ alájọ òun lòun ti ń tọ́jú tirẹ̀. Káàdì àjọ kan wà tó jẹ́ ti àìsàn nìkan, òun kì í sì í fọwọ́ kàn án bí ó ti wù kí ọjà le tó.

Ìṣirò mìíràn wà tí kì í ṣe ti owó. Ẹ ka orí àwọn tó wà nínú ilé yín lóòótọ́, kì í ṣe àwọn tó wà nínú fọ́tò ìgbéyàwó. Ẹ kọ ọjọ́ orí wọn. Ẹ kọ ohun tó ń ṣe wọ́n: ta ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe, ta ni àtọ̀gbẹ ń ṣe, ọmọ wo ni ó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ta ni ó lè lóyún lọ́dún tó ń bọ̀. Ìwé yìí ni kí ẹ mú dání lọ, kí ẹ gbé e síwájú ẹni tó ń ta ètò, kí ẹ ní, "Èwo nínú wọn ni ẹ máa wò, èwo ni ẹ kò níí wò?" Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé lè bá àwọn òbí yín kọ ọ́ lálẹ́ yìí.

Nítorí kò sí ètò tó ń wo ohun gbogbo. Ibà, ikọ́, ìgbẹ́ gbuuru, ìtọ́jú aboyún, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kéékèèké, wọ̀nyí kì í sábà nira. Ibi tí ọ̀ràn wà ni jẹjẹrẹ, fífọ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ abẹ ńlá, awò ojú, àti eyín. Òmíràn á ní òun kò san án rárá. Òmíràn á san án dé ibì kan, á ní iye tó kù di tiyín. Nínú ètò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ẹni tó gba oògùn yóò san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn náà: bí oògùn bá jẹ́ ₦20,000, ẹ̀yin yóò mú ₦2,000 sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ ni, yóò sì bá nọ́ọ̀sì tí kò ṣẹ̀ jà.

Nínú ìwé wọn, ojú ewé tí wọ́n kọ ohun tí wọn kò níí san sí ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ó máa ń wà lẹ́yìn, lẹ́tà rẹ̀ a sì máa kéré. Bí ojú yín kò bá gbé e, ẹ fún ọmọ tó ń lọ ilé-ìwé kó kà á sókè.

Ẹ tún béèrè ọjọ́ tí káàdì náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ sanwó. Ọ̀pọ̀ ètò ló máa ń ní kí ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan, ti ìbímọ a sì máa pẹ́ jù lọ́dọ̀ àwọn aládàáni. Bí gbogbo wa bá dúró di ọjọ́ tí ara bá ń gbóná kí a tó sanwó, owó wo ni wọn yóò fi wo ẹnikẹ́ni? Ẹni tí oyún rẹ̀ ti di oṣù méje tó wá ń wá ètò kiri, mo bá a kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ọsibítù, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ló dùn mí jù.

Káfíńtà kan wà ní àdúgbò wa, ọmọlúàbí ènìyàn, tó san owó ètò fún ara ilé rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ipá mú un. Ní òru ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún 9. Ó ń bì, ó ká kò, kò lè nàró. Bàbá gbé e sórí ọ̀kadà, ó di ọsibítù tó sún mọ́ wọn jù. Nọ́ọ̀sì gba káàdì, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọsibítù tí wọ́n kọ sí i wà ní òdìkejì ìlú, àti pé ọsibítù tàwọn kò bá ètò náà ṣe rárá. Àpẹ́ńdíìsì ló ń ṣe ọmọ náà, wọn kò sì lè dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Kí ló dé tí ọsibítù káàdì náà fi jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, ilé kan ní òdìkejì ìlú ni ó ń kan òrùlé rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ní kí ó mú ọsibítù kan, ó mú èyí tó ń rí lójoojúmọ́. Ó parí òrùlé, ó kúrò ní àdúgbò náà, ọsibítù kò tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ètò náà gbà kí ènìyàn kọ̀wé béèrè kí wọ́n bá a pààrọ̀ ọsibítù. Kò mọ̀. Ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ kò sọ fún un, òun náà kò béèrè. Ọmọ yè, ó ti wọ ilé-ìwé girama báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí bàbá rẹ̀ fi ń fá pákó ni wọ́n tà sanwó iṣẹ́ abẹ náà, ẹ̀rọ kò sì padà. Títí di òní, bí ẹ bá dárúkọ adójútòfò létí rẹ̀, yóò pòṣé. N kò dá a lẹ́bi.

Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ gba orúkọ àwọn ọsibítù tó wà nínú ètò náà, kí ẹ mú èyí tí ẹsẹ̀ tàbí ọ̀kadà lè gbé yín dé ní òru. Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sunday tàbí nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ṣé dókítà wà nílé? Ṣé iná wà? Ṣé ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà, àbí ó ti ti ilẹ̀kùn lọ? Kí ẹ sì bá àwọn tó jókòó pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ bi wọ́n pé, "Ṣé wọ́n máa ń fún yín lóògùn níbí, àbí wọ́n máa ń ní kí ẹ lọ rà á níta?" Aláìsàn kì í fi òótọ́ pamọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa bí ọsibítù ti ń gbowó. Fún ìtọ́jú kéékèèké, iye kan ni ètò ń san fún wọn lóṣooṣù lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó mú wọn, ẹ wá o, ẹ kò wá o. Ọsibítù tó ní làákàyè yóò tètè wo ibà yín kí ó má baà di ńlá, nítorí èrè tirẹ̀ náà ni kí ara yín le. Ọsibítù tí kò ní làákàyè yóò fi yín sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ di ọ̀sán, yóò máa kọ́kọ́ pe àwọn tó mú owó lọ́wọ́, kí ó lè sú yín. Bí ẹ bá bọ́ sọ́wọ́ irú wọn, ẹ má ya káàdì. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ètò náà, kí ẹ sì ní kí wọ́n bá yín pààrọ̀ ọsibítù.

Bí àìsàn bá ju agbára ọsibítù kékeré lọ, ìwé ni yóò fi yín ránṣẹ́ sí ọsibítù ńlá, wọ́n a sì máa béèrè nọ́ńbà àṣẹ lọ́wọ́ ètò náà. Ẹni tó bá fò kọjá lọ tààrà sí ọsibítù ńlá láìgba ìwé yóò sanwó ara rẹ̀, àfi bó bá jẹ́ ọ̀ràn pàjáwìrì. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fún yín sára ògiri, kì í ṣe sínú fóònù ẹnì kan ṣoṣo, nítorí ẹni náà lè ti rìnrìn-àjò.

Ní ti àwọn ètò olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń polówó kiri, n kò ní kí ẹ má rà wọ́n. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ṣùgbọ́n gbogbo wa kọ́ ni yóò jẹ ọbẹ̀ ẹlẹ́ran mẹ́rin, ọbẹ̀ iyọ̀ sì sàn ju kí ọmọ sùn lébi lọ. Ẹ ṣáà béèrè iye tí wọ́n lè ná lórí yín láàrin ọdún kan kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. Bí wọ́n bá ní iye kan tí kò tó iṣẹ́ abẹ ìbímọ kan ní ọsibítù àdúgbò yín, ibà nìkan ni ẹ rà.

Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ àwọn àgbà, nítorí ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ètò adójútòfò kan bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007 fún àwọn àgbẹ̀ àti ará ìgbèríko. Owó díẹ̀ ni wọ́n ń san nígbà náà. Èyí tó pọ̀ jù ń ti ọwọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ ní ilẹ̀ Netherlands àti ìjọba ìpínlẹ̀ wá. Àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí lórí àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe níbẹ̀. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2014 fi hàn pé níbi tí ètò náà wà, tí wọ́n sì tún ilé ìwòsàn ṣe, ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ènìyàn wálẹ̀ ju ti ibi tí kò sí lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni. Ẹni tó bá ń fi owó ara rẹ̀ ra oògùn rẹ̀ yóò máa lò ó lọ́jọ́ tí owó bá wà, yóò sì fi sílẹ̀ lọ́jọ́ tí owó bá wọ́n, títí yóò fi ṣubú lójú ọjọ́ kan. Bí bàbá mi ṣe kú nìyẹn. Oògùn wà ní ṣọ́ọ̀bù kemíìsì, wọ́n ń fi owó rẹ̀ san owó ilé-ìwé wa.

Ọmọ márùn-ún ni a jẹ́ tí ìyá mi bí. Nígbà tí mo ti ọ́fíìsì yẹn dé, mo pe àwọn àbúrò mi jọ. A ń dá owó fún ìrántí bàbá wa lọ́dọọdún, a ń dá owó aṣọ ẹbí, a ń dá owó àsè, a kò dá owó fún ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá wa rí. A wo ètò ìpínlẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, a pín owó rẹ̀ sọ́nà márùn-ún, iye tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan fún odindi ọdún kò tó owó fìlà tí a rà fún ayẹyẹ tó kọjá. Ojú tì wá díẹ̀. Àbíkẹ́yìn wa ló ń gba owó náà jọ, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Èmi ni mo yan ọsibítù, mo mú ọ̀kan tó ga, tó mọ́, tó ní ẹ̀rọ ìgbàlódé. Mo mú ìyá mi lọ wò ó. Wọ́n dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Àkànbí, ṣé òkè yẹn ni kí orúnkún mi ti lọ bá dókítà?" Wọ́n kọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n fúnra wọn mú kò ga ju ilẹ̀ lọ, ó sún mọ́ ọjà wọn, wọ́n sì mọ ìyá tó bí nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀. Oṣooṣù ni wọ́n ń lọ wọn ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí wọ́n bá ti dé ilé, wọn a pè mí lórí fóònù, wọn a ka nọ́ńbà méjèèjì fún mi bí ẹni ń ka èsì bọ́ọ̀lù.